Ẹyin Ní í Di Àkùkọ: Ibi Tí Ọmọ Akọ Ń Gbà Lọ Nídìí Iṣẹ́ Ẹyin

Ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í jẹ ẹran ló ń jẹ ẹyin. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kò sí adìẹ tó kú kí ẹyin tó délé. Bí a bá wo ẹyin nìkan, òótọ́ ni. Ẹyin inú kíréètì tí a ń rà lọ́jà kò lè dọmọ, nítorí adìẹ tó yé e kò bá àkùkọ gbé. Abo adìẹ kò nílò akọ kó tó yé. Ṣùgbọ́n inú ẹyin ni adìẹ yẹn náà ti jáde, òun àti àwọn akọ tí wọ́n jọ jáde lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ àwọn akọ wọ̀nyẹn kì í sábà jáde síta, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹyin ní í di àkùkọ.

Lọ́dọ̀ adìẹ ìbílẹ̀, akọ kì í ṣe ìṣòro. Abo á yé ẹyin bíi mẹ́wàá, á sàba lé wọn fún ọjọ́ 21, á wá máa kó àwọn òròmọdìẹ rẹ̀ kiri títí wọ́n á fi gbọ́n. Abo inú wọn á dàgbà di àgbébọ̀; akọ ni wọ́n á pa ṣe àlejò, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sọ́jà. Ẹyin ló wọ́n níbẹ̀, torí pé adìẹ tó ń sàba tàbí tó ń tọ́mọ kò ní yé.

Láàárín ọ̀rúndún ogún ni àwọn tó ń ṣa irú adìẹ sọ́tọ̀ là wọ́n sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ṣa èyí tó ń yé jù lọ títí ó fi di léyà, tó kéré lára, tó lè yé ju ẹyin 300 lọ lọ́dún, tí sàba sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ṣa èyí tó ń lẹ́ran jù lọ títí ó fi di bróílà, tó ń tó pa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Akọ léyà wá há sáàárín méjèèjì. Kò lè yé, oúnjẹ tó sì máa jẹ kó tó lẹ́ran lára ju ti bróílà lọ fíìfíì.

Háṣẹ́rì, ìyẹn ilé ẹ̀rọ tó ń gba iṣẹ́ sàba lọ́wọ́ adìẹ, ni ọ̀rọ̀ náà ti ń yanjú. Nínú òròmọdìẹ tó ń jáde níbẹ̀, nǹkan bí ìdajì ló máa ń jẹ́ akọ. Bí wọ́n bá ti ń jáde ni wọ́n ń yà wọ́n. Isa Brown, irú léyà kan tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ dáadáa, rọrùn láti yà: abo rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, akọ rẹ̀ funfun, ó sì pọ́n díẹ̀ bí ìyeyè. Nera, irú léyà mìíràn, dúdú látòkè délẹ̀, akọ rẹ̀ ló ní àmì funfun lórí. Èyí tí àwọ̀ kò bá yà sọ́tọ̀, wọ́n á wo ìyẹ́ apá rẹ̀, tàbí kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ gbé e sọ́wọ́, kó tẹ̀ ẹ́ nídìí, kó wo ihò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ará Japan ló kọ́ ayé ní ọ̀nà ìkẹyìn yìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Abo á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, á wọ páálí lọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí iṣẹ́ ẹyin ti gbilẹ̀, akọ kò ní wọ páálí kankan. Inú afẹ́fẹ́ kábọ́n-dáyọ́ksáídì ni wọ́n ń dà á sí, tàbí inú ẹ̀rọ abẹ tó ń lọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ọdún 2009 lórí pípa ẹran ọ̀sìn fọwọ́ sí ọ̀nà méjèèjì fún òròmọdìẹ tí kò tíì pé wákàtí 72. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ikú abẹ yá, kò sì fún ìrora láyè, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ṣùgbọ́n ìrora nìkan kọ́ ni ẹjọ́ tó wà níbẹ̀. Ènìyàn ló ṣètò pé kí ẹ̀dá yìí wáyé, ènìyàn kan náà ló sì dá ikú rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé, nítorí pé kò mówó wọlé. Ní Jámánì nìkan, kí òfin tó dè é lọ́dún 2022, àwọn tí wọ́n ń pa lọ́nà yìí lọ́dún tó nǹkan bí mílíọ̀nù 45.

Èǹtẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ẹyin ní Yúróòpù kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ níbẹ̀ ń sọ bí adìẹ tó yé e ṣe ń gbé: 3 ni ti inú kéèjì, 2 ni ti inú ilé láìsí kéèjì, 1 ni ti adìẹ tó ń jáde síta, 0 ni ti oko tí kì í lo kẹ́míkà. Ẹni tó san owó gọbọi lórí ẹyin onínọ́ńbà 0 lè ra ẹyin adìẹ tí wọ́n lọ akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra lọ́jọ́ kan náà.

Oṣù kẹfà ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní ìlú Leipzig ní Jámánì dá a pé èrè nìkan kì í ṣe ìdí tó tó lábẹ́ òfin ààbò ẹranko láti pa òròmọdìẹ, ṣùgbọ́n pé kí wọ́n ṣì máa pa á títí ọ̀nà mìíràn á fi dé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, Jámánì fòfin dè é. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ Seleggt gbé wá láti mọ akọ nínú ẹyin nìyí: ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ẹyin ti wà nínú ẹ̀rọ, iná léésà á dá ihò kékeré tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí sára èèpo, wọ́n á fa omi díẹ̀ jáde, wọ́n á yẹ ẹ́ wò bóyá họ́mónù abo wà níbẹ̀. Ẹyin abo á padà sínú ẹ̀rọ, ẹyin akọ á di oúnjẹ ẹran. Àwọn ẹlòmíràn ń tan iná wo àwọ̀ ìyẹ́ nínú ẹyin láì dá ihò, àmọ́ irú tí akọ àti abo rẹ̀ yàtọ̀ ní àwọ̀ nìkan ló ṣeé ṣe fún. Ìjiyàn wá bọ́ sórí ọjọ́ tí ohun inú ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìrora. Òfin fẹ́ fi gbèdéke sí ọjọ́ kẹfà tẹ́lẹ̀, ó sún un sí ọjọ́ 12 lẹ́yìn ìwádìí. Òfin náà kò sì dí ẹni tó bá ra léyà láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pa akọ lọ́wọ́.

Ní Nàìjíríà, ọjà ló gba akọ là, kì í ṣe òfin. Akọ Isa Brown àti akọ Nera ni àwọn tí a ń pè ní kọ́kẹ́rẹ́ẹ̀lì. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á lọ́jọ́ tó jáde, àgbẹ̀ á sìn ín bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á wá gbé e dé ọjà láàyè, pàápàá nígbà Kérésì. Ẹran rẹ̀ le, àwọn èèyàn wa sì fẹ́ ẹran tó le. Ikú ló gbẹ̀yìn ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti rìn, ó ti ha ilẹ̀, ó ti kọ kí ikú tó dé. Èyí dára ju ti ẹ̀rọ abẹ lọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó. Àmọ́ bí àgbàdo àti sóyà bá gbówó lórí, òun ni èrè rẹ̀ ń kọ́kọ́ gbẹ, torí oṣù tó fi ń jẹun pọ̀.

Ti abo tó yè náà ń kọ́? Èèpo ẹyin kan gba nǹkan bíi gíráàmù méjì kálíṣíọ̀mù, ara adìẹ sì ń fi nǹkan bí wákàtí 25 ṣe ẹyin kan. Bí oúnjẹ kò bá pèsè rẹ̀ tó, egungun ni yóò ti yá a. Ara ìdí nìyí tí egungun àyà fi ń ṣẹ́ lára léyà lọ́pọ̀ yanturu, àtèyí tó wà ní kéèjì àtèyí tó ń jáde síta. Yúróòpù ti fòfin de kéèjì àtijọ́ láti ọdún 2012, ó sì fún adìẹ kọ̀ọ̀kan ní ààyè 750 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin nínú èyí tó ṣẹ́kù. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kéèjì nìkan kọ́ ló ń ṣẹ́ egungun, ẹyin yíyé náà wà lára rẹ̀. Ẹni tó ń sin léyà mẹ́ta péré lẹ́yìnkùlé, tó ń fún wọn ní koríko àti oòrùn, ṣì rà wọ́n lọ́wọ́ háṣẹ́rì kan náà.

Ọ̀nà tó kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ni adìẹ oníṣẹ́ méjì, tí abo rẹ̀ ń yé, tí akọ rẹ̀ sì ń lẹ́ran. FUNAAB Alpha, tí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta ṣe, àti Noiler tí Amo Farm ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé jáde, irú rẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí akọ bá lówó lórí, háṣẹ́rì kò nídìí láti dà á nù. Ẹyin tí abo wọn ń yé lọ́dún kò tó ti Isa Brown, kíréètì wọn á sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí egungun adìẹ náà kò ní san gbèsè tí a kò rí.