Bí ike ẹnu àwọn ọmọdé ṣe di oògùn sleep apnea lọ́wọ́ dókítà eyín

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú ọ̀rọ̀ ike ẹnu tí àwọn dókítà eyín ń ṣe fún àwọn tó ní sleep apnea ni pé ike yẹn ti wà nílẹ̀ ó ti pẹ́, àìsàn tó wá ń wò gan-an ni kò tíì lórúkọ. Fún bí ọgọ́rin ọdún, ẹnu àwọn ọmọ tí eyín wọn tàbí àgbọ̀n wọn ò bára mu ni wọ́n ń fi í sí, kò sẹ́ni tó rò pé oorun kan ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó wá gbé e dé ìdí oorun níkẹyìn, kì í ṣe gbogbo wọn ni dókítà eyín o, dókítà ọpọlọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń ṣèwádìí àlá wà níbẹ̀, ẹni tó ti gba wúrà ní Òlíńpíìkì náà wà níbẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, sleep apnea ni kí èémí èèyàn máa dúró lójú oorun. Ẹ mọ àwọn tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti sùn, ará ilé ò ní lè sùn mọ́, wọ́n á hanrun títí, lójijì gbogbo ẹ̀ á dákẹ́, ìyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa retí, á fẹ́ẹ̀ fọwọ́ tọ́ ọ, kó tó di pé ó gba èémí padà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Nílé wa, a máa ń sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn wọra ni. Kò sùn wọra rárá. Tí a bá sùn, iṣan ọ̀fun máa ń dẹ̀, ahọ́n á yọ̀ sẹ́yìn, á dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ọpọlọ á sì máa jí i díẹ̀díẹ̀ kó lè mí, òun fúnra ẹ̀ ò ní mọ̀. Tí èémí bá dúró tàbí tó lọ sílẹ̀ gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá 10 ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Tó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀ 5 sí 15 ní wákàtí kan, wọ́n ní ó ṣì kéré, 15 sí 30 ló wà láàárín, tó bá ti kọjá 30 ó ti le nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń bá a rìn, àìsàn ọkàn náà, ká má tíì sọ ti ẹni tó ń tòògbé nídìí ọkọ̀.

Ibi tí ìtàn yẹn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni yàrá iṣẹ́ abẹ, ní nǹkan bíi 1870 sókè. Chloroform ni wọ́n ń fi mú èèyàn sùn nígbà yẹn, ahọ́n aláìsàn á sì bọ́ sẹ́yìn lórí tábìlì, kò ní lè mí mọ́. Jacob Heiberg ará Norway àti Friedrich von Esmarch, oníṣẹ́ abẹ ní Kiel ní Jámánì, kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n fi ìka sí ẹ̀yìn egungun àgbọ̀n lábẹ́ etí méjèèjì kí wọ́n tì í wá síwájú, títí eyín ìsàlẹ̀ á fi yọ síwájú ti òkè. Ẹ lè fi ara yín dán an wò. Ẹ yọ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú, ẹ mí sínú, ẹ máa rí i pé ọ̀fun yín là sí i. Ìdí ẹ̀ ni pé iṣan tó tóbi jù nínú ahọ́n, inú egungun àgbọ̀n níwájú ló ti bẹ̀rẹ̀, tí àgbọ̀n bá ti lọ síwájú, ahọ́n ò lè dá dúró sẹ́yìn. Títí dòní, ohun tí àwọn dókítà tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun ṣì ń ṣe nìyẹn, gbogbo ike tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ méjì yẹn náà ló ń ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àwọn dókítà eyín ní tiwọn ti ń mọ nǹkan sínú ẹnu látìgbà tí rọ́bà líle ti dé. Thomas Gunning ní New York ló fi rọ́bà yẹn tọ́jú àgbọ̀n William Seward tó ṣẹ́ ní 1865, Seward yìí ni mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Lincoln. Ní New York náà, Norman Kingsley, dókítà eyín tó tún ń gbẹ́ ère, ṣe pèpéle kan sí òkè ẹnu ní nǹkan bíi 1879, kó lè jẹ́ pé tí ọmọ tí àgbọ̀n ẹ̀ kéré bá pa ẹnu dé, àfi kí àgbọ̀n yẹn wá síwájú. Emil Herbst ní Bremen náà ṣe tiẹ̀, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọnú ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ó mú un dé ìpàdé àwọn dókítà eyín àgbáyé ní Berlin ní 1909. Irin Herbst yẹn ṣì wà lára àwọn ike oorun tí wọ́n ń ṣe lónìí o, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹni tó sún mọ́ ọ jù láyé ìgbà yẹn ni Pierre Robin ní Paris. Ó ṣe ike alápá kan tó bo eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ ní 1902, ó pè é ní monobloc. Nígbà tó di 1923, ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n bí pẹ̀lú àgbọ̀n kékeré, tí ahọ́n wọn ń ṣubú sẹ́yìn, tí wọn ò rí èémí mí, tí wọn ò lè mu ọmú dáadáa. Orúkọ ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì fi ń pe ìṣòro àwọn ọmọ yẹn títí dòní. Ẹ wò ó, ọkùnrin yìí ní ike lọ́wọ́, ó mọ̀ pé ahọ́n ń dí ọ̀nà èémí, gbogbo ẹ̀ wà lórí tábìlì ẹ̀! Ohun tó kù ni kí ẹnì kan wo àgbàlagbà lójú oorun, kò sì sẹ́ni tó wò ó fún ogójì ọdún sí i.

1965 ni wọ́n tó wò ó. Henri Gastaut àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Marseille, Jung àti Kuhlo ní Freiburg, ọdún kan náà, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n so wáyà mọ́ àwọn tó sanra tó ń sùn lọ́sàn-án, wọ́n sì rí i pé èémí ń dúró. Ìtọ́jú tó wá wà fún un ńkọ́? Wọ́n á lu ọ̀fun èèyàn níwájú, wọ́n á ki páìpù bọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni yóò máa gbà mí tó bá ń sùn. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ta ló fẹ́ gbé ihò lọ́rùn kiri. Ọkùnrin kan ní Sydney kọ̀ ọ́ lọ́dún 1980, bí Colin Sullivan ṣe gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nímú nìyẹn, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1981. Òun ni CPAP tí gbogbo ayé mọ̀ báyìí. Ẹ̀rọ yẹn dáa, kò tíì sí èyí tó ń dènà kí èémí máa dúró bíi tiẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìbòjú ń bẹ nímú, páìpù afẹ́fẹ́ ń bẹ lára, ó ń pariwo, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bọ́ ọ sílẹ̀ láàárín òru.

Àlàfo yẹn ni ike ẹnu gbà wọlé, ó sì yá kánkán. Ní 1982 ní Chicago, Rosalind Cartwright, obìnrin tí iṣẹ́ àlá ṣíṣe sọ di olókìkí, àti Charles Samelson tó jẹ́ dókítà ọpọlọ, gbé nǹkan rọ́bà kan jáde, èèyàn á ki ahọ́n sínú ihò tó wà níwájú ẹ̀, á fà á mọ́ra, ahọ́n ò ní lè padà sẹ́yìn. Kò wuyì lójú, àmọ́ iye ìgbà tí èémí ń dúró dín kù. Ní 1984, Klaus Meier-Ewert wá síbi ìpàdé oorun ní Munich pẹ̀lú ike tó fa àgbọ̀n síwájú, Esmarch ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ará Jámánì ò gbàgbé ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ fa àgbọ̀n. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Soll àti Peter George tẹ lẹ́tà kan jáde nínú New England Journal of Medicine láti Hawaii.

Peter George yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Akẹ́rù ni, ẹni tó ń gbé irin wúwo, ọmọ Akron ní Ohio. Ó gba fàdákà ní London ní 1948, ó gba wúrà ní Helsinki ní 1952, ó tún gba fàdákà ní Melbourne ní 1956. Ó kàwé dókítà eyín, ó lọ ń gbé ní Honolulu, iṣẹ́ títo eyín ọmọdé ló ń ṣe, ìyẹn ni ike àwọn Robin àti Kingsley fi wà lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa. Ike tó ṣe mú àgbọ̀n dúró síwájú, ó tún dá ihò sílẹ̀ láàárín fún èémí. Òun náà ló ṣe nǹkan tí dókítà eyín fi ń wọn bí àgbọ̀n èèyàn ṣe lè lọ síwájú tó, orúkọ ẹ̀ ló wà lára ẹ̀, ilé ìtọ́jú eyín tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń lò ó.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó rèé. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ rírọ̀ mú àwòrán eyín òkè àti ìsàlẹ̀, tàbí kí wọ́n fi kámẹ́rà kékeré yà á. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn pátápátá, kẹ́ ẹ tún tì í síwájú pátápátá, wọ́n á ka mìlímítà tó wà láàárín méjèèjì, ibi tó tó ìdajì tàbí tó fi díẹ̀ jù ú lọ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. Ike méjì ló máa dé, ti òkè ọ̀tọ̀, ti ìsàlẹ̀ ọ̀tọ̀, súkúrù kékeré sì so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ kan yí súkúrù yẹn nílé, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí híhanrun á fi lọ sílẹ̀ tí orí fífọ́ àárọ̀ á dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún dá yín padà sí àyẹ̀wò oorun pẹ̀lú ike lẹ́nu, torí pé kí híhanrun dáwọ́ dúró kò sọ pé èémí ò dúró mọ́.

Kò ṣàì ní wàhálà tiẹ̀ o. Itọ́ á máa dà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, eyín á máa ro èèyàn láàárọ̀, tó bá sì pẹ́ lọ́dún, eyín lè yẹ̀ nípò díẹ̀. Ẹni tí eyín ẹ̀ ò pọ̀ mọ́, ike yẹn ò ní ríbi dì mú. Ẹni tó jẹ́ pé ọpọlọ ẹ̀ ni kò rán èémí níṣẹ́, ike kò kàn án. Àwọn tó ń payínkeke lójú oorun náà ní ike tiwọn, èyí tó tẹ́jú tó ń gba eyín lọ́wọ́ eyín, kì í fa àgbọ̀n síwájú, kẹ́ ẹ má lọ ra ìyẹn rò pé ti sleep apnea ni. Àtàwọn tó ń ta ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kì bọ omi gbígbóná kẹ́ ẹ gé e jẹ, ẹ yéé náwó yín sí i, ìwé ìtọ́sọ́nà 2015 tí ẹgbẹ́ dókítà oorun àti ẹgbẹ́ dókítà eyín oorun ní Amẹ́ríkà jọ kọ sọ ọ́ gbangba pé èyí tí wọ́n wọn sí ẹnu ẹni, tó sì ṣeé yí, ni kí wọ́n máa lò.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín yẹn, 1991 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ní 2006, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé ẹni tí tiẹ̀ kò tíì le, tàbí tó wà láàárín, tí CPAP ò bá a lára mu tàbí tó kàn fẹ́ ike, kí wọ́n fún un. Èyí tiẹ̀ kàn wá gan-an nílé, torí ẹ̀rọ CPAP fẹ́ iná mọ́jú, ẹ sì mọ iná wa, ike kò béèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àríyànjiyàn tó kù ni pé ṣé ike tó CPAP. Ní Sydney, wọ́n fún àwọn èèyàn kan náà ní méjèèjì, oṣù kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2013. CPAP dín iye ìgbà tí èémí ń dúró kù dáadáa ju ike lọ, àmọ́ nígbà tí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti òògbé ọ̀sán, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ dọ́gba, torí wákàtí bíi 5 ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ sùn, wákàtí bíi 6 ààbọ̀ ni wọ́n ní àwọn ń fi ike sùn. Àwọn kan ní ṣebí ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ti ike, ẹ̀rọ ní kọ̀ǹpútà tó ń kà á, ike ò ní. Ọdún yẹn náà ni àwọn dókítà ní Antwerp ní Bẹ́ljíọ̀mù tẹ ti wọn jáde, wọ́n fi sensor kékeré kan tó ń mọ ìgbóná ẹnu sínú ike, wọ́n sì fi oṣù mẹ́ta kà á. Àwọn tó ń lò ó déédéé, ó lé ní wákàtí 6 lálẹ́, ohun tí wọ́n sì fẹnu sọ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí ohun tí sensor kà.