Convergence: ṣé orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn lè bá èyí tó wà níwájú?

Lónìí, ìwé ìròyìn kan á sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè tálákà ń yára dàgbà ju àwọn olówó lọ. Lọ́la, òmíràn á ní àlàfo tó wà láàárín wọn tún ń fẹ̀ sí i ni. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́, lórí orílẹ̀-èdè kan náà, nínú ọdún kan náà. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pe ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí yìí ni convergence: kí owó tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún ní orílẹ̀-èdè tálákà máa sún mọ́ ti olówó, títí wọn ó fi bára wọn dọ́gba. Tí wọ́n bá ń jìnnà síra wọn, divergence nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò ó, torí inú ìṣirò yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń wá. Ká ní orílẹ̀-èdè kan ń pa 60,000 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà lọ́dọọdún. Èkejì ń pa 2,000 dọ́là, ìdá 6 ni tirẹ̀ fi ń dàgbà. Eré èkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èkíní. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún bá yí po, èkíní á ti fi 1,200 dọ́là kún tirẹ̀, èkejì á fi 120 péré kún un. Àlàfo tó jẹ́ 58,000 dọ́là ti di 59,080. Ẹni tó fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wò ó á ní wọ́n ń sún mọ́ra, ẹni tó ka dọ́là á ní rárá o.

Bí eré yẹn kò bá yí padà fún àwọn méjèèjì, nǹkan bí 60 ọdún ni àlàfo dọ́là náà yóò fi máa fẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, yóò sì tó ọdún 88 kí èkejì tó bá èkíní. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí á ti rí ọmọ ọmọ kí àlàfo tó sọ̀ kalẹ̀ rárá. Kò sì tíì sí orílẹ̀-èdè tó sá irú eré bẹ́ẹ̀ fún ọdún 88 láìsinmi.

Kí ló wá mú kí ẹnikẹ́ni rò pé wọn á bára wọn? Robert Solow, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ló fi ìdí kan lélẹ̀ ní 1956. Tí òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ lásán ṣiṣẹ́ bá rí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ gbà, iṣẹ́ rẹ̀ á pọ̀ sí i gan-an. Ẹni tó ti ní ẹ̀rọ mẹ́wàá, tí wọ́n wá fún ní ìkọkànlá, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, owó okòwò yẹ kó máa mú èrè wá jù níbi tó ti ṣọ̀wọ́n, ìyẹn lọ́dọ̀ tálákà. Ìdí kejì ni pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹni tó dé kẹ́yìn kò ní láti tún ẹ̀rọ iná mànàmáná dá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò na wáyà tẹlifóònù dé ilé àwọn aráàlú rí ló fò é kọjá, wọ́n sì bọ́ sórí fóònù alágbèéká tààrà.

Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀?

Ní 1986, William Baumol mú orílẹ̀-èdè 16, ó sì wo bí wọ́n ṣe dàgbà láti 1870 títí dé 1979. Jàpáànù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní 1870 ló sáré jù, Ọsirélíà tó wà lókè ló lọ́ra jù. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì, Bradford DeLong béèrè ìbéèrè kan tí ó dà bíi pé ọmọdé ló bi í: ta ló yan àwọn 16 náà? Àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn pé ni, àwọn tí àkọsílẹ̀ wọn sì pé ni àwọn tó ti di olówó. Bí ẹni dúró síbi tí eré ìje parí sí ni, tó ń ka àwọn tó dé, tó wá ń kéde pé gbogbo ẹni tó sáré ló dé. DeLong yan tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn tí ẹni tó wà láyé ní 1870 ìbá rò pé wọn á di olówó. Ajẹntínà, Ṣílè, Pọ́túgà àti Sípéènì wọlé, Jàpáànù bọ́ síta. Convergence tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀ sì pòórá. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí tó kọ́ni tó ìyẹn.

Nígbà tí Lant Pritchett wá wo gbogbo ayé ní 1997, ohun tó rí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: láàárín 1870 sí 1990, iye ìgbà tí owó ẹnì kan ní orílẹ̀-èdè tó lówó jù fi ju ti orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lọ ti di nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Owó okòwò pàápàá kò lọ síbi tí Solow ní kó lọ. Robert Lucas ṣírò rẹ̀ ní 1990 pé, bí àlàyé yẹn bá jẹ́ òótọ́ lásán, èrè tí ẹ̀rọ kan náà máa mú wá ní Íńdíà yẹ kó jẹ́ ìlọ́po 58 ti Amẹ́ríkà. Ta ni ìbá tún kó owó lọ síbòmíràn?

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ni wọ́n ń pè ní conditional convergence. Robert Barro àti Xavier Sala-i-Martin rí i pé bí orílẹ̀-èdè méjì bá jọra ní ẹ̀kọ́, ìjọba, ìfowópamọ́ àti iye ọmọ tí wọ́n ń bí, èyí tó tòṣì ló ń yára jù, tí ó sì ń dí nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún àlàfo náà lọ́dún. Ìdajì àlàfo á ti lọ ní bí ọdún 35. Ó dára bẹ́ẹ̀, àmọ́ inú "bí wọ́n bá jọra" yẹn ni gbogbo wàhálà wà. Ní nǹkan bí 1960, owó tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Gánà àti Gúúsù Kòríà kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ní 1996, Kòríà ti wọ OECD, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé àwọn olówó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kókó ni Gánà ṣì ń tà, iye tí ọjà àgbáyé bá ní òun máa rà á ló sì ń gbà. Nígbà tí Mẹ́síkò kéde ní oṣù kẹjọ 1982 pé òun kò lè san gbèsè mọ́, wàhálà gbèsè náà gba Látìn Amẹ́ríkà àti Áfíríkà kan. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ti tòṣì ju bó ṣe wà ní 1980 lọ, tí a bá pín in dọ́gba. Bòtìswánà, tó wà lára àwọn tó tòṣì jù láyé nígbà tó gba òmìnira ní 1966, bọ́ nínú rẹ̀.

Láti àárín àwọn ọdún 1990, nǹkan yí padà díẹ̀. Orílẹ̀-èdè tálákà, tí a bá kó wọn pọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà ju olówó lọ, láìsí "bí" kankan. Dani Rodrik sì ti fi hàn ní 2013 pé nínú iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde, convergence ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìba èèyàn díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tálákà, àwọn tó kù wà lóko tàbí nídìí òwò kéékèèké.

Bí a ṣe ka èèyàn tún wà níbẹ̀. Bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ọ̀kan, kí tó di ọdún 2000 àlàfo ń fẹ̀ ni. Bí a bá fi iye èèyàn wọ̀n ọ́n, kí orílẹ̀-èdè tó léèyàn jù lè wúwo jù nínú ìṣirò náà, ó ti ń dín kù tipẹ́, torí pé Ṣáínà láti 1978, àti Íńdíà lẹ́yìn rẹ̀, ló ń fà á wálẹ̀. Àmọ́ owó tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Ṣáínà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìpíndọ́gba ti gbogbo ayé mọ́. Bó bá tún ń sáré, yóò ṣì máa sún mọ́ Amẹ́ríkà, àmọ́ yóò tún máa jìnnà sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, eré Íńdíà àti ti Áfíríkà ló máa sọ bóyá àlàfo ayé ṣì ń dín kù.