Aṣojú kan, ohùn púpọ̀: Àdéhùn Lisbon àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní Yúróòpù

Ìbéèrè: Láti ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2009 tí Àdéhùn Lisbon, ìwé tí ó tún ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ní Aṣojú Àgbà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú agbára tuntun. Kí ló wá dé tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣì ń sọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ bí ogun bá dé?

Ìdáhùn: Ní ọdún 2004, àwọn olórí Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé òfin ìpìlẹ̀ kan ní Róòmù, èyí tí ì bá fún àjọ náà ní mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n àwọn olùdìbò Faransé àti ti Netherlands kọ̀ ọ́ ní ọdún 2005. Nígbà tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé kalẹ̀ ní Lisbon ní ọdún 2007, iṣẹ́ ipò náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Orúkọ náà, mínísítà, ni wọ́n yọ, nítorí pé orílẹ̀-èdè ní í ní mínísítà, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àjọ náà ti di orílẹ̀-èdè. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè yìí wà.

Ìbéèrè: Ṣé kò sí ohun tí ó yí padà nígbà náà ni?

Ìdáhùn: Ó wà. Tẹ́lẹ̀ rí, Javier Solana, Aṣojú Àgbà ṣáájú Àdéhùn Lisbon, ni ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ìjọba, nígbà tí owó ìrànwọ́ wà lábẹ́ ẹlòmíràn ní Kọmíṣọ̀n, ẹ̀ka tí ó ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ àjọ náà. Catherine Ashton, tí ó gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jókòó sórí àga méjèèjì pọ̀. Ọ́fíìsì Kọmíṣọ̀n tí ó wà ní Àbújá pẹ̀lú di ọ́fíìsì gbogbo àjọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá ń wá físà ṣì ní láti tọ orílẹ̀-èdè tí ó ń lọ lọ.

Ìbéèrè: Níbo wá ni ó ti há?

Ìdáhùn: Níbi ìdìbò ni. Iṣẹ́ tí a bá rán ni là ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpinnu lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kò lè wáyé àfi bí gbogbo ìjọba bá fohùn ṣọ̀kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń dìbò lórí Líbíà, Faransé dìbò pé kí a lo agbára ológun, Jámánì sì fà sẹ́yìn láì dìbò rárá. Ta ni Ashton ì bá gbẹnu sọ fún nínú wọn? Bákan náà ni Sípéènì, Gíríìsì, Kípírù, Ròmáníà àti Sìlòfákíà tí wọ́n wà nínú àjọ náà kò tíì gbà pé orílẹ̀-èdè ni Kosovo, ilẹ̀ tí ó yà kúrò lára Serbia. Ọ̀rọ̀ òwò yàtọ̀, nítorí pé àwọn ìjọba ti gbé agbára lórí rẹ̀ fún àjọ náà pátápátá, Kọmíṣọ̀n nìkan ni ó sì ń bá àwọn àlejò dúnàádúrà.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n lè yí ìlànà ìdìbò yìí padà láìṣe àdéhùn tuntun?

Ìdáhùn: Àdéhùn náà fún wọn láyè. Àwọn olórí ìjọba lè pinnu pé kí a máa fi ìbò àwọn tí ó pọ̀ jù yanjú àwọn ọ̀rọ̀ kan, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ológun. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn pátá ni ó gbọ́dọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké sì mọ̀ pé ìbò kan ṣoṣo yẹn ni ohun tí ó ń mú kí àwọn ńlá máa tẹ́tí sí wọn.