Bí A Ṣe Ń Wo Ajá Rottweiler, Láti Ọmọ Títí Dé Àgbà

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ajá Rottweiler sábà máa ń tètè dá ẹjọ́: orí ńlá, àyà fífẹ̀, ajá burúkú nìyí. Èmi tí mo ń tọ́jú ẹranko máa ń rí i pé ẹjọ́ náà ti yá jù. Iṣẹ́ tí àwọn baba ńlá ajá yìí ṣe ni ó mọ ara rẹ̀ bí ó ṣe rí, iṣẹ́ kan náà ni ó sì fún un ní ìwà, nítorí náà ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ọ̀hún kò lè mọ ohun tí òun ń wò.

Ìlú Rottweil ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni ó ti gba orúkọ. Àwọn alápatà àti oníṣòwò màlúù ibẹ̀ ń lò ó láti da ẹran àti láti fa ọmọlanke, wọ́n sì ń pè é ní ajá alápatà Rottweil. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gba iṣẹ́ kíkó màlúù, díẹ̀ ni ó kù kí ìran náà parẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n kà á mọ́ àwọn ajá ọlọ́pàá ní 1910. Ní 1921 ni wọ́n sì dá ADRK, ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú Rottweiler ní Jámánì, sílẹ̀ láti máa bójú tó o. Ajá tí yóò da màlúù gbọ́dọ̀ lágbára, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ onígbòónára, torí pé màlúù tí ẹ̀rù bá bà yóò tú ká, òwò ọ̀gá rẹ̀ yóò sì bàjẹ́.

Ìlànà àgbáyé fún ìran yìí sọ pé kí akọ ga tó sẹ̀ǹtímítà 61 sí 68 ní èjìká, kí ó sì wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 50. Abo jẹ́ 56 sí 63, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 42. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yangàn pé tiwọn ti wọ kìlógíráàmù 70. Lójú tèmi, ẹrù ni wọ́n dì ru oríkèé ajá náà. Ẹwà Rottweiler wà nínú ìbámu: ara tí ó gùn díẹ̀ ju bí ó ti ga lọ, irun dúdú tí ó le tí ó sì lẹ̀ mọ́ ara, àti àmì pupa bí ìkòkò amọ̀ lórí ojú méjèèjì, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀fun, àyà, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ìrù. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì máa ń wo ènìyàn láìyẹ̀. Ìrù rẹ̀ yẹ kí ó wà bí a ṣe bí i. Jámánì fúnra rẹ̀ ti fi òfin de gígé ìrù ajá láti 1998.

Ọmọ rẹ̀ kò tíì jọ gbogbo èyí. Ojú rẹ̀ á là ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, àmì pupa ara rẹ̀ lè kọ́kọ́ ṣú bí ẹni pé èéfín bà á, kí ó tó máa mọ́ bí ó ṣe ń dàgbà. Nígbà tí eyín wàrà 28 bá ń bọ́ kí 42 ti àgbà tó pé, etí rẹ̀ lè máa ká sẹ́yìn tàbí kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ má fòyà. Ní nǹkan bí ọdún kan ni ó máa ń ga tán, ṣùgbọ́n orí àti àyà rẹ̀ kò ní kún tán kí ó tó pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n bá ń kánjú, tí wọ́n ń fún un ní oúnjẹ àjẹjù àti kálísíọ̀mù, ni wọ́n ń ba oríkèé ìbàdí àti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ jẹ́, èyí tí ìran yìí tilẹ̀ ti ní àìlera sí tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ya àwòrán egungun bàbá àti ìyá rẹ̀ kí ẹ tó rà á, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ àjẹsára parvo, àrùn ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tí ń pa ọmọ ajá, falẹ̀, nítorí àrùn náà a máa mú Rottweiler ju ọ̀pọ̀ ajá lọ.

Ẹ má yan ọmọ tí ó ń gbó mọ́ gbogbo ènìyàn, ẹ má sì yan èyí tí ó sá lọ sí kọ̀rọ̀. Ẹ ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀: èyí tí ó ta gìrì, tí ó dúró, tí ó sì padà wá gbóòórùn rẹ̀, òun ni kí ẹ mú lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé nǹkan bí ìkẹrìnlá ni ọpọlọ rẹ̀ ṣí jù lọ sí ohun tuntun, nítorí náà kí ó rí ọmọdé, arúgbó, ọkọ̀ àti ajá mìíràn lásìkò yẹn, ní ìwọ̀n tí kò ní dẹ́rù bà á.

Nígbà tí ó bá dàgbà, yóò máa tẹ̀ lé yín láti yàrá dé yàrá, yóò fi gbogbo ara ti ẹsẹ̀ yín, àlejò tí ó bá wọlé ni yóò sì kọ́kọ́ wò fínnífínní kí ó tó pinnu. Ó tún máa ń kùn nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, èyí sì ti lé ọ̀pọ̀ àlejò sá lásán. Bí ara rẹ̀ bá rọ̀, tí ìdí rẹ̀ ń jó, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Bí ara rẹ̀ bá le gan-an tí ẹnu rẹ̀ pa dé, ìkìlọ̀ ni. Ẹ má nà án nítorí ìkìlọ̀ náà, torí ajá tí a bá kọ́ láti má kìlọ̀ yóò kàn gé ènìyàn jẹ lójijì ni. Bó ti wù kí ó fẹ́ràn ọmọdé tó, kí àgbàlagbà wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Irun imú á bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ìrìn á falẹ̀, èyí kò burú. Ṣùgbọ́n bí àgbà Rottweiler bá ń tiro tí kò dẹ́kun láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má ṣe kà á sí ogbó lásán, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò, nítorí jẹjẹrẹ eegun wọ́pọ̀ nínú ìran yìí.