Ìtọ̀ pọ̀, itọ́ ni ò sí: ẹnu tó ń gbẹ lẹ́yìn rediotẹ́rápì

Ẹni tí wọ́n bá fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ọ̀fun tàbí ti ahọ́n, tó bá ti ní ẹnu òun ń gbẹ, ohun tí ará ilé máa sọ ò ju "ẹ ṣáà máa mumi dáadáa" lọ. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, àmọ́ kò kan ibi tó ń dùn ún. Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ ẹ́. Èèyàn lè mu píọ̀ wọ́tà mẹ́rin láàárọ̀, kó máa tọ̀ ṣáá, kí ahọ́n ẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ìtọ̀ pọ̀, itọ́ ni ò sí.

Ẹ fi omi lásán ti òkèlè ẹ̀bà wò, omi á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, òkèlè á dúró. Ẹ fi ewédú sí i, ó ti lọ nìyẹn. Itọ́ ni ewédú tí ara ń sè fúnra ẹ̀, ó ń sè é tó ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀ lójúmọ́, kò sì sẹ́ni tó rí ìjábẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní èròjà tó ń pa oró ásíìdì, ó ní èyí tó ń tún ara eyín ṣe, ó ní èyí tó ń bá kòkòrò jà, omi ìgò ò ní ìkankan.

Ìkòkò ńlá mẹ́ta tí ara ti ń sè itọ́ yìí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan: iwájú etí, abẹ́ àgbọ̀n, abẹ́ ahọ́n, àwọn kéékèèké tó kù tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Tiwájú etí ń sè èyí tó ṣàn, ìgbà tá a bá ń jẹun ló sì ń ru jù. Tabẹ́ àgbọ̀n ló ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tẹ́nu bá sinmi, títí kan òru.

Ìtànṣán yẹn sábà máa ń jẹ́ Mọ́ńdè sí Fúráìdè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje, àpapọ̀ ẹ̀ lè tó 70 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán tó wọ ara). Ibi tó yani lẹ́nu rèé: sẹ́ẹ̀lì tó ń yára bímọ nìtànṣán sábà máa ń tètè mú, ìdí nìyẹn tó fi ń mú jẹjẹrẹ, tó fi ń mú irun. Sẹ́ẹ̀lì itọ́ kì í yára bímọ rárá, ó yẹ kó wà lára àwọn tó máa rọ́jú. Rárá o. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, itọ́ lè ti dín sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ àwọn alásè, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì itọ́ yẹn, ò tíì kú o, wọ́n ṣì jókòó nídìí ìkòkò, ó kàn jọ pé ara sẹ́ẹ̀lì wọn níbi tí àṣẹ "ó yá, ẹ tú omi" ti ń wọlé ló ti bàjẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n á wá máa kú, àwọn tó yẹ kó rọ́pò wọn ò sì tó nǹkan mọ́. Àwọn tó ń sè èyí tó ṣàn ló ń kọ́kọ́ ṣubú, ìyẹn ni ìwọ̀nba tó kù ṣe ń ki, tó ń fà bí góòmù, ewédú tómi ti gbẹ nínú ẹ̀.

Lóde òní kọ̀ǹpútà máa ń darí ìtànṣán kó yẹra fún ìkòkò iwájú etí, wọ́n ń gbìyànjú kí ohun tó bá a má kọjá nǹkan bí 26 Gy. Nínú ìwádìí PARSPORT ní Britain, tí èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2011, lẹ́yìn ọdún kan ẹnu gbẹ gan-an fún 74 nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ti àtijọ́, 38 péré fún àwọn tó gba tuntun. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ tabẹ́ àgbọ̀n ni ìtànṣán ṣì sábà máa ń bá, torí ó sún mọ́ kókó ọrùn tí jẹjẹrẹ máa ń sá sí. Béèyàn ṣe ń jẹ àmàlà geere lọ́sàn-án nìyẹn, tó wá ń jí lẹ́ẹ̀mẹta lóru wá ife omi. Ká máa fi oúnjẹ ọ̀sán nìkan díwọ̀n àṣeyọrí, ó kù díẹ̀ káàtó.

Oògùn kan wà, pilocarpine, ara ewé jaborandi ní Brazil ni wọ́n ti rí i. Ṣe ló ń pariwo mọ́ àwọn alásè tó kù, tí kò bá sí ẹnì kankan nídìí ìkòkò mọ́, òógùn nìkan lèèyàn á máa là. Àwọn tó ń ní kéèyàn máa lá ọsàn wẹ́wẹ́ kí itọ́ lè sun, wọn ò rántí eyín: ásíìdì ti dé, ohun tó ń pa oró ẹ̀ ò sí nílé, ìdí eyín létí èrìgì ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà. Eyín tó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́, torí egungun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti là kọjá kì í fẹ́ jinná mọ́.