Oko Adágbà: bí ẹ̀gẹ́ ṣe di láfún lọ́wọ́ àwa Ẹ̀gbá

Kí ìlú yìí tó máa jẹ́ Abẹ́òkúta, oko ló ń jẹ́. Oko Adágbà ni wọ́n ń pè é, abúlé oko àwọn ará Ìtòkò tí èrò ọ̀nà Òkè-Ògùn máa ń yà sinmi. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun tú nílé dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, orí oko ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ẹni tó bá fẹ́ pìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí, kó má ti ọ̀dọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀.

Kódà 1830 kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Nínú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́, nígbà tí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́, àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, ṣì ń jẹ gàba lé wa lórí, Lísàbí kó àwọn àgbẹ̀ jọ sínú Ẹgbẹ́ Àáró. Àwọn ọmọ òde òní máa ń pa àáró àti ọ̀wẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò pe èrò, yóò fún wọn ní oúnjẹ, ó parí. Àáró ní tirẹ̀, gbèsè ni: a ro oko tèmi lónìí, a ro tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹgbẹ́ yìí náà ló di Ẹgbẹ́ Olórógun, tó dìde lọ́jọ́ kan tó pa àwọn ìlàrí, tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀. Mo gbà tọkàntọkàn pé orí ebè ni wọ́n ti ka iye ara wọn. Ta ni yóò fura sí ogún ọkùnrin tó gbé ọkọ́ léjìká lọ sóko ọ̀rẹ́ wọn? Láìsí àáró, n kò rí bí àwọn tí ogun lé dé abẹ́ àpáta ì bá ṣe tètè ṣán igbó tó lè bọ́ odidi ìlú.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn Potogí ló gbé e dé etíkun Áfíríkà láàárín 1500 sí 1600. Pákí ni àwọn kan ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní gbágùúdá. Ní tèmi, Àgúdà ni etí mi ń gbọ́ nínú gbágùúdá, orúkọ tí a fi ń pe Potogí àti àwọn tó ti Bràsíl padà wálé. Bí orúkọ bá ń tọ́ka sílé olóhun, èyí ń tọ́ka.

Níbí ni èmi àti àwọn kan ti ń jiyàn. Wọ́n ní àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wálé, àti Àgúdà ló kọ́ wa ní gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ẹ̀gẹ́. Mo gbà fún wọn lórí gàrí. Láfún ńkọ́? Kí ẹ̀gẹ́ tó dé ni Yorùbá ti ń rẹ iṣu sómi, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń gún un ní èlùbọ́. Láfún kò kọjá ọgbọ́n èlùbọ́ tí wọ́n gbé lọ sára ẹ̀gẹ́. Wọn kò nílò agbada tàbí ẹ̀kọ́ ẹnikẹ́ni láti òkè òkun. Omi, oòrùn àti òkúta ló gbà, ìlú wo ló sì ní òkúta tó tiwa? Àwọn tó ń sọ pé Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ ṣe é, kí wọ́n di gàrí wọn mú. Ó dùn, n kò bá wọn du ìyẹn.

Lọ́jọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo dúró ti ìyá àgbà kan lórí àpáta lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Ẹ̀gẹ́ tó ti bó, tó rẹ fún ọjọ́ mẹ́rin, ló ń fọ́ kalẹ̀. Omi rẹ̀ ń rùn kíkan, ìtẹ́lẹ̀ àpáta náà ti gbóná débi tí mo fi ń yí ẹsẹ̀ padà. Màmá mú èyí tó ti sá lánàá, ó ṣẹ́ ẹ, ó dún pó. Ó ní, “Bó bá tẹ̀, kò tíì gbẹ nù un.” Rírẹ yẹn kì í ṣe fún rírọ̀ nìkan o. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́, pàápàá èyí tó korò, inú omi ló ti ń fi í sílẹ̀.

Ogun ló parí iṣẹ́ náà, lójú tèmi. Dahomey kọlù wá ní March 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864. Iṣu tó wà nínú àká, ọ̀tá lè jó o. Ẹ̀gẹ́ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni tó sá wọ inú odi tó padà wá wú u.

Òwú ni àwọn òpìtàn fẹ́ràn láti máa kọ. Òótọ́ ni pé Townsend, àlùfáà òyìnbó, àti àwọn oníṣòwò Manchester ń wá a níbí, òótọ́ ni pé Delany àti Campbell, ènìyàn dúdú méjì tó ti Amẹ́ríkà wá, bá Aláké Òkúkẹ́nù tọwọ́ bọ̀wé ní December 1859 kí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà lè wá dáko òwú. Àdéhùn náà kò fìdí múlẹ̀. Òwú wọ ìwé nítorí pé òyìnbó rà á. Láfún kò wọ̀ ọ́ nítorí pé àwọn ìyá wa ló ṣe é, tí a sì jẹ ẹ́.

Ìyókù kò ṣòro láti mọ̀. Ní 1967 ni IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, dé Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gẹ́ irú TMS 30572 ti jáde lẹ́yìn náà. 1988 ni Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọbásanjọ́, ọmọ ìlú wa, gbé ètò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ nígbà tó jẹ́ Ààrẹ. Ẹ̀rọ ló ń lọ láfún báyìí, odó ti dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá kọjá nígbà ọyẹ́, orí àpáta ṣì funfun.