Fóònù Tí Kò Ní Wáyà: Ta Ni Wọ́n Ń Pè Níbẹ̀?

Ní 2020, olùdarí fíìmù ará Japan kan, Nobuhiro Suwa, gbé Kaze no Denwa jáde, èyí tó túmọ̀ sí Fóònù Afẹ́fẹ́. Haru, ọmọbìnrin ọlọ́dún 17, ló wà nídìí ìtàn náà. Súnámì, ìyẹn ìgbì òkun ńlá tó ya wọ ìlú, ti gbé bàbá, ìyá àti àbúrò rẹ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn, ó wọ inú àgọ́ fóònù kan, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀. Fóònù ọ̀hún kò so mọ́ ibì kankan.

Ṣé fóònù yẹn wà lóòótọ́, àbí eré lásán ni?

Ó wà. Ìlú Otsuchi ló wà, ní ìpínlẹ̀ Iwate, lórí òkè tó kọjú sí òkun. Itaru Sasaki, oníṣẹ́ ọgbà, ló gbé e sínú ọgbà ara rẹ̀ ní 2010 nítorí ìbátan rẹ̀ kan tó kú. Àgọ́ funfun onígíláàsì ni. Fóònù dúdú àtijọ́, irú èyí tí a ń fi ìka yí nọ́ńbà rẹ̀, ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé kan fún ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Sasaki ní wáyà kò lè gbé ohun tó wà lọ́kàn òun dé ọ̀dọ̀ olóògbé náà, kí afẹ́fẹ́ bá òun gbé e. Lẹ́yìn súnámì 2011, ó ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wá.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Otsuchi?

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2011, ní aago 2:46 ọ̀sán, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun. Kò pẹ́ tí omi fi ya wọ ìlú. Ó ká olórí ìlú àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ọ̀rọ̀ àjálù náà, ó sì gbé wọn lọ. Nǹkan bí ẹnì kan nínú méjìlá ni Otsuchi pàdánù. Ní Japan lápapọ̀, àwọn tó kú lé ní 15,000, àwọn tí wọn kò sì tíì rí lé ní 2,500.

Kí ló dé tó fi jẹ́ fóònù, tí kì í ṣe ojú oórì?

Èmi rò pé nítorí àwọn 2,500 yẹn ni. Ibojì ń béèrè òkú. Obìnrin tí òkun gbé ọkọ rẹ̀ lọ, tí wọn kò rí bàtà rẹ̀ pàápàá, kí ni yóò sin? Lọ́dún náà, ìjọba mú ìlànà rọrùn kí ìdílé lè tètè forúkọ ẹni tí wọn kò rí sílẹ̀ bí olóògbé. Ìwé yẹn wúlò fún owó ìrànwọ́ àti ogún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá buwọ́ lù ú ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé èèyàn òun kú. Fóònù kì í béèrè bẹ́ẹ̀. A ń fi pe ẹni tó rin ìrìn àjò. Èèyàn lè gbé e sétí kó ní, "Níbo lo wà? Ṣé òtútù ò mú ẹ?" láìsọ bóyá ó kú tàbí ó wà láàyè.

Bíbá òkú sọ̀rọ̀ kò ṣàjèjì sí wọn ṣá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Japan, pẹpẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé ìrẹsì sí fún òkú, tí wọ́n ń lu agogo níwájú rẹ̀. Àwa tí a ń sọ fún òkú wa pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kó bá wọn jẹ, ó yẹ kó yé wa.

Kí ló dé tí ìtàn inú fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀ láti Hiroshima?

Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ níbẹ̀ ni Haru ń gbé. Nígbà tí àǹtí náà dákú, ọmọ náà gbéra, ó ń tọrọ ọkọ̀ lójú ọ̀nà tó ju 1,000 kìlómítà lọ. Àwọn tó pàdé náà lọ́gbẹ́ lọ́kàn: ìyá arúgbó tó rántí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n jù sí Hiroshima ní 1945, Morio tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ní Fukushima, èyí tí súnámì 2011 bà jẹ́, tó wá sọ ọkọ̀ rẹ̀ di ilé, àti ìdílé kan láti ẹ̀yà Kurd ní Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, tó wá ibi ìsádi wá. Ọ̀pọ̀ wọn fún un ní oúnjẹ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an.

Kí ni Haru wá gbọ́ nínú fóònù náà?

Kò gbọ́ nǹkan kan. Suwa kì í sábà kọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún òṣèré rẹ̀. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ láti inú ara wọn. Kámẹ́rà kò sì kánjú kúrò lára Serena Motola, tó ṣe Haru. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó ṣáà ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ.